Ọwọ́ Tó Kun Ògiri

Àgbà ayàwòrán ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán ògiri tó sọ ìlú wọn di olókìkí, ni obìnrin tó ń tún un kùn bá sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà.

"Bàbá, iṣẹ́ yìí ga o! Àṣé ọlọ́wọ́ òsì ni yín? Gbogbo ipa búrọ́ọ̀ṣì ló fi hàn."

Àwọn oníròyìn yí kámẹ́rà sí bàbá.

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi."

Ojú tì í débi pé kò lè bojú wẹ̀yìn, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ àwọn àlejò sínú ìwé.

Ìyá náà rọra gbé bírò sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó ń kọ ọ́ lọ, lẹ́tà rẹ̀ ń wọ́ kiri bíi ti ọmọ jẹ́léósinmi.