Ẹṣin Kọjá Láì Tẹríba

Láti ìgbà tí Wilf Chidgey ti jí ni kò ti rí ibi fìdí lé. Ó ti wọ aṣọ funfun àwọn oníjó, ó ti so aṣọ pupa mọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn láti pè é. Ní Colverton, bí oṣù karùn-ún bá ti wọlé, ẹṣin igi á jáde. Aṣọ dúdú á bò ó dé ilẹ̀, ẹnìkan á wà lábẹ́ rẹ̀, á máa gbé e jó yí ìlú ká. Kí oòrùn tó wọ̀, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ẹni náà, àní nínú ilé tirẹ̀.

Reuben, bàbá Wilf, ló gbé ẹṣin yìí títí irun rẹ̀ fi funfun. Ní báyìí, àìsàn ọkàn ń bá a jà, bàtà ijó rẹ̀ kò kúrò lábẹ́ ibùsùn mọ́, dókítà sì ti sọ pé òun kò lè ṣèlérí oṣù karùn-ún mìíràn. Ohun kan ṣoṣo ni Wilf ń fẹ́: kí bàbá òun rí òun lábẹ́ ẹṣin náà láti ojú fèrèsé.

Ó bá Lionel Tuck, olórí àwọn oníjó, lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún yìí nìkan."

"Wọ́n ti yan ẹnìkan, Wilf."

"Ta ni?"

"Àbí Lọ́ńdọ̀nù lo ti wá láàárọ̀ yìí? Ta ní ń béèrè irú ìyẹn?" Lionel kò wò ó lójú.

Wilf fi ìbínú padà sílé. Enid, ìyá rẹ̀, jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ife tíì lé orúnkún.

"Màmá, ẹ jẹ́ n gòkè lọ wo Bàbá."

"O ò gòkè ibì kankan. Ó ń sinmi."

"Nínú ariwo yìí?"

"Bàbá ẹ náà ni. Jẹ́ kó tọ́jú agbára ẹ̀ de ẹṣin."

"Ẹ bá a ṣí fèrèsé nígbà náà."

"Mo ti ṣí i. Jáde, jàre."

Tíì ọwọ́ rẹ̀ ti tutù, kò sì tíì fẹnu kàn án.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin yọ láti etíkun, àwọn àlejò na fóònù sókè. Ẹṣin ń wọ́ ẹsẹ̀, ó ń fara ti ògiri, ó tún ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí dáadáa, ní igun ṣọ́ọ̀ṣì, ìyípo tó dán tó bẹ́ẹ̀ tí Wilf fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹṣin kì í kọjá ilé ẹni tó ti gbé e rí, tí àìsàn wá dá dúró, láì tẹríba lẹ́ẹ̀mẹta. Wilf dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ń wo òkè. Ẹṣin dé, ó dúró díẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Wilf sáré tẹ̀lé e.

"Aláìmoore! Ilé Reuben Chidgey lo kọjá yẹn! Ṣé ijó nìyí, àbí ò ń wá ibi tó o máa dùbúlẹ̀ sí? O dójú ti bàbá mi!"

Ó di aṣọ dúdú náà mú láti ṣí i. Lionel gbá a mọ́ra, omi ti lé sójú Lionel.

"Fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, Wilf, fi í sílẹ̀."

Lábẹ́ aṣọ, ẹnìkan ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹṣin yí padà, ó kọjú sí Wilf, ó sì tẹríba fún un lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹṣin ti bẹ̀ ẹ́ o!" obìnrin kan pariwo, àwọn èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Wilf yọ ọwọ́ kúrò. Ẹṣin rọra wọ́ lọ sí ọ̀nà ọjà.

Ìtìjú bò ó. Ó padà sílé láti lọ bẹ bàbá rẹ̀ nítorí àbùkù tí ìlú fi kàn án. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ dìde lórí àtẹ̀gùn, ó yà fún un.

Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá: fèrèsé ṣí sílẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ibùsùn, aṣọ ìsùn Reuben wà lórí ìrọ̀rí ní kíká, bàtà ijó rẹ̀ kò sì sí lábẹ́ ibùsùn mọ́.