Tanímọ̀la, Ajá Bàbá Adégòkè

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ṣàfíù fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń fún ẹran lábẹ́rẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì sí Fìdítì, àwọn ẹranko tẹ̀ lé e délé. Tíṣà tí wọ́n bá gbé lọ sí ìlú mìíràn á gbé ológbò rẹ̀ wá. Ẹni tí àìsàn bá dá dùbúlẹ̀ á ní kí wọ́n fa ajá òun wá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni gbogbo wọn máa ń dá. Ọ̀sẹ̀ méjì yìí a sì máa tó oṣù mẹ́fà, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ yọjú mọ́, Ṣàfíù á wá máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, á máa wá ẹni tó lè gba ẹran ẹlẹ́ran sílé.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ajá kì í wọ yàrá nílé rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbé. Bó bá fún wọn lóúnjẹ tán, á pààrọ̀ aṣọ kó tó lè kírun, á sì tún pààrọ̀ rẹ̀ padà. Fàòsíyà, ìyàwó rẹ̀, ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó ti dákẹ́.

Nínú oṣù kìíní ọdún 1972, Bàbá Adégòkè, káfíńtà àtijọ́ kan láti Ìmíní, mú Tanímọ̀la wá. Àwọ̀ funfun ti bo ẹyinjú bàbá méjèèjì. Ọdún karùn-ún nìyẹn tí kò ríran mọ́. Ajá dúdú yìí, tó ti wò dàgbà láti kékeré kí ojú rẹ̀ tó lọ, ló ń fà á lọ sóko, tó ń fà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọrùn ajá náà ní ọ̀já awọ kan tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un ní Ìbàdàn. Ó fi okùn ajá lé Ṣàfíù lọ́wọ́, kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ojú mi ni mo fi sí ọ lọ́wọ́ yìí o," ni bàbá wí. "Bí dókítà kò bá rí ti inú agbárí mi ṣe, eléyìí ṣì wà."

Oṣù kẹrin ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ti ń kígbe rẹ̀ lórí rédíò tipẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, Ṣàfíù fa Tanímọ̀la dé etí títì. Kò sùn dáadáa lóru àná. Ó wo ọ̀tún bó ṣe máa ń wò ó láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí nǹkan kan, ó sì dẹ okùn kí ajá lè máa lọ. Òsì ni mọ́tò ti yọ.

Ó sin ajá náà sídìí igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, ó sì bọ́ ọ̀já ọrùn rẹ̀ pamọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Ìbàdàn sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣe ojú kan fún bàbá, kò sì jẹ́. Ṣàfíù jókòó sórí àpótí, kò lè jẹun.

Ajá pupa kan wà nílé, èyí tí akọ̀wé kan gbé wá tí kò padà wá mú. Ó ga tó Tanímọ̀la, etí rẹ̀ náà sì dúró ṣánṣán. Ṣàfíù fi ọ̀já náà sí i lọ́rùn, ó ń fi ẹja gbígbẹ tàn án, ó ń pè é ní Tanímọ̀la láàárọ̀ àti lálẹ́, títí ajá fi ń jẹ́ ẹ. Fàòsíyà wo gbogbo rẹ̀, ó ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ṣàfíù ní ọ̀dọ̀ Dorothy, ọmọbìnrin bàbá tó wà ní Awẹ́, ni bàbá máa gbà lọ tààrà, wọn ò mọ ajá náà níbẹ̀.

"Àwọ̀ ajá ò kan ẹni tí ò ríran," ló wí.

Oṣù kẹfà ni mọ́tò kékeré kan já bàbá sílẹ̀, ó wọ gíláàsì dúdú, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣàfíù kí i kú ewu, àmọ́ kò lè béèrè ọ̀rọ̀ ojú. Ó ní kí Fàòsíyà mú bàbá bọ̀, ó sì sáré lọ tú ajá. Kí Fàòsíyà tó gbé ife omi sílẹ̀, bàbá ti gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ológbò tó nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ó ti dé ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró díẹ̀, ó dojú kọ ìdí igi ọsàn, níbi tí koríko kò tíì hù.

Ṣàfíù pe Tanímọ̀la. Ajá sáré wá, ó ti imú bọ àtẹ́lẹwọ́ bàbá. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí, ó pa á lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró lórí ọ̀já.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí," ló sọ. Fàòsíyà wọlé lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "O ṣé, Ṣàfíù. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i."

Inú Ṣàfíù kò dùn bó ṣe rò pé ó máa dùn. Ojú ń tì í. Ó sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, bàbá jókòó sínú rẹ̀, Ṣàfíù sì gbé ajá sí i lẹ́sẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti ń tẹ fèrè.

Bàbá yọ gíláàsì dúdú náà, ó fi ojú kejì, èyí tó jẹ́, wo ajá pupa tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú Ṣàfíù, ó ní, "Ó ti rẹ̀ ọ́ jù, lọ sùn, èyí náà á máa jẹ́ Tanímọ̀la."