Etí Tí Ràódàt Fi Ń Kàwé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré fo èyí. Ẹ kà á tán pátá, ọmọ tiyín lè wà nínú rẹ̀.

1. Ọmọ kan ṣoṣo ni Mùílì ajórinmọ́rin bí n'Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ràódàt, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ti há sórí nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀, wàhálà dé! Lẹ́tà tó mọ̀ lánàá, ó ti di àjèjì lónìí.

Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pe Mùílì. "Bàbá Ràódàt, ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Dókítà kan wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ tó ń yẹ irú wọn wò. Ẹ mú un lọ."

Mùílì pòṣé. "Oríkunkun ló ń ṣe é! Pàṣán ni dókítà rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, pàṣán ò sinmi.

2. Ọjọ́ wòlímọ̀ Kùránì pé, Mùílì kó gbogbo àdúgbò jọ. Ràódàt ń ké e geere, Àáfà Anas tó kọ́ ọ ní kéú ń mirí. Àfi bí ẹnì kan ṣe nàgà wo ìwé ọwọ́ ọmọ: "Ibi tó ṣí kọ́ ló ń kà o!"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Mùílì ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn rí, ó sì mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó fò dìde, ó fọ́ ọmọ létí. "O dójú tì mí!"

Ẹ̀jẹ̀ ń jò létí òsì Ràódàt. Haba! Ọmọ tó gbọ́ ọ, tó há gbogbo rẹ̀ sórí láìka ìlà kan, ṣé ìgbátí ló tọ́ sí i?

3. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá sọ̀ kalẹ̀ ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń bèèrè ọ̀nà ilé dókítà.

Dókítà yẹ ọmọ wò, ó mirí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ó ṣòro fún ọpọlọ rẹ̀ láti so lẹ́tà mọ́ ìró. Ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀nà wà tí à ń gbà kọ́ wọn, wọ́n sì ń mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n etí lọmọ yìí fi ń kàwé, ẹ sì ti fọ́ ti òsì, kò gbọ́ràn mọ́. Ó máa ń wà nínú ìdílé. Ta ló tún ní in nílé yín?"

 Ìyá Mùílì tó sìn wọ́n wá ló dáhùn: "Ẹni tó jókòó yìí ni. Ẹ̀rín àti pàṣán ló lé e kúrò níléèwé. Títí dòní, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ka ọ̀rọ̀ orí fóònù."

Mùílì bú sẹ́kún. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí òsì ọmọ, ó rọra ní, "Ràódàt, foríjì mí."

Ràódàt ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin àáfà, mo bẹ̀ yín: ọmọ tí ìwé ò yé, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́wọ́ sókè! Àgbà ní bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀tún ni Mùílì fi gbá tiẹ̀. Èwo ló wá kù?