Sọ́rì Kẹta

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ń tú báńdéèjì ẹsẹ̀ Màmá Adéògún bó ti máa ń ṣe láràárọ̀. Ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ wà lára ògiri. Òṣìṣẹ́ tó bá ti ní "sọ́rì" ti jẹ́wọ́ ẹ̀bi nìyẹn, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sórúkọ rẹ̀. Ìbídùn ti ní méjì. Tó bá fi lè pé mẹ́ta, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òwú lẹ̀ mọ́ egbò. Màmá ké.

"Yéè! O ò tiẹ̀ ní kí mi? Àbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lò ń bó ni?"

Ìbídùn panu mọ́, àmọ́ nígbà tó rí omi lójú ìyá náà, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Sọ́rì, mà."

Iná pupa tàn lára ẹ̀rọ, ó sì béèrè pé, "Màmá, kí ni nọ́ọ̀sì yìí fi ṣe yín?"

"Fi ṣe mí kẹ̀? Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Ó ní sọ́rì."

"Ó kí mi kú ìrora ni! Ṣé wọn kì í kí ẹ nílé yín ni?"

Ẹ̀rọ dáhùn pé, "N kò ní ibi tí mo lè kọ ìkíni sí."

"Má kọ ọ́ nígbà náà."

Iná náà kú. Màmá na ẹsẹ̀ padà sí Ìbídùn.

"Ó yá, máa tú u lọ. Tó bá tún dùn mí, kí o tún kí mi o."