Fáìlì Tí Múyìwá Pààrọ̀

Aláìbìkítà ènìyàn ni Múyìwá Abórìṣàdé. Bí nǹkan bá ti ṣiṣẹ́ fún un, kò tún wo ẹni tó lè pa lára. Òun àti Kẹ́milọ́lá ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Mafoluku. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ń lò níbẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì lè tún un ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́.

Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, àwọn fáìlì kan wà tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò. Láíbìrì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè wọ́n. Bí ẹnì kan bá ba ọ̀kan jẹ́, gbogbo ètò tó gbára lé e kò ní ṣí mọ́. Múyìwá mọ èyí dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé géèmù bọ́ọ̀lù kan tó ti pẹ́ wá sí ọ́fíìsì. Ó fẹ́ fi í sórí kọ̀ǹpútà ńlá tí ètò àwọn nọ́ọ̀sì wà, ṣùgbọ́n géèmù náà kọ̀, kò ṣí. Láíbìrì àtijọ́ ló ń béèrè.

"Múyìwá, má dán an wò o," Kẹ́milọ́lá ní. "Láíbìrì tó wà níbẹ̀ ni ètò tí wọ́n fi ń wo oògùn aláìsàn ń lò."

"Ìwọ náà, ẹ̀rù ẹ ti pọ̀ jù. Mo ti gbọ́, máa lọ jàre."

Kẹ́milọ́lá gbà á gbọ́, ó sì lọ síṣẹ́ ní ẹ̀ka wọn ní Ìsọlọ̀. Kò tíì dé ibùdókọ̀ tí Múyìwá fi láíbìrì àtijọ́ rọ́pò tuntun tó wà níbẹ̀. Géèmù ṣí, inú rẹ̀ dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gbé Ìyá Ameenat dé. Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Ameenat ọmọ rẹ̀ ń sunkún.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ kan wà tí ara màmá mi kì í gbà. Mi ò rántí orúkọ ẹ̀, àmọ́ ó wà nínú kọ̀ǹpútà yín."

Nọ́ọ̀sì Bùsọ́lá tẹ kọ̀ǹpútà títí, ètò náà kò ṣí. Ó pe Múyìwá.

Múyìwá mọ ohun tó fà á. Kò fi ẹ̀dà láíbìrì tuntun pamọ́. Ọwọ́ Kẹ́milọ́lá nìkan ni òmíràn wà. Bó bá pè é, àṣírí á tú.

"Àǹtí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ ní sùúrù, ó máa tó padà."

Wọ́n dúró títí, kò padà. Nígbà tí dókítà rí i pé ẹ̀mí obìnrin náà fẹ́ bọ́, ó ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó rò pé ó yẹ. Abẹ́rẹ́ náà gan-an ni ara rẹ̀ kì í gbà. Ọ̀fun rẹ̀ wú, kò lè mí mọ́, ó sì kú lójú ọmọ rẹ̀.

Kẹ́milọ́lá dé, ó wo kọ̀ǹpútà náà, ó sì yíjú sí Múyìwá. "Kí ló dé tí o ò pè mí?"

Ó lọ sọ ohun tó rí fún àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, wọ́n sì pe ọlọ́pàá.

Ilé ẹjọ́ rán Múyìwá lẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, kò síbi tó wáṣẹ́ dé tí wọ́n gbà á. Ó wá Ameenat lọ sí Ailegun, níbi tó ń gbé, láti tọrọ àforíjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá síbí mọ́," Ameenat ní. "Bí mo bá ti rí yín, ikú màmá mi ni mò ń rí." Ó ti ilẹ̀kùn. Múyìwá yí padà, ó sì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ má fọwọ́ kan ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbára lé nítorí ìgbádùn ara yín nìkan. Bí àṣìṣe bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ tètè jẹ́wọ́ fún ẹni tó lè tún un ṣe. Ká ní Múyìwá jẹ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni, wọn ì bá bá a wí gidigidi, ṣùgbọ́n Ìyá Ameenat ì bá wà láàyè.