Ẹ̀dọ̀ Láníyọnu

Ara Láníyọnu kò balẹ̀, àfi bíi pé ìjàlọ wà nínú ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀la ni ìgbéyàwó rẹ̀, ìjọba kì í sì í so tọkọtaya pọ̀ bí ẹ̀rọ òòfà tó ń ya àwòrán inú ara kò bá tíì wọn ẹ̀dọ̀ ọkọ. Ó nà gbalaja sínú ihò ẹ̀rọ tó ń pariwo bíi pé igba alágbẹ̀dẹ ń du òòlù kan ṣoṣo.

“Ẹ má mira o,” nọ́ọ̀sì wí. “Ẹni tó bá mira, irọ́ lẹ̀rọ máa pa mọ́ ọn.”

Ìyá ìyàwó wọlé. “Àna mi, ẹ kú ìmúra.”

Láníyọnu yí bìrí, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ihò.

“Ẹ̀dọ̀ méjì,” ẹ̀rọ kéde.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta. Ẹ̀ẹ̀kan péré lòfin tún gbà ká wọ̀n ọ́n. Bó bá bàjẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀.”

Ìyá rọra dé ẹnu ọ̀nà. Láníyọnu ti padà fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ̀rọ sì ti tún ń han.

“Ó dàbọ̀ o, àna mi.”

Ìró kan dún gbì nínú ihò.

“Ẹ̀dọ̀ mẹ́ta.”