Ẹ́ńjìnì Ti Dákẹ́

Nọ́ọ̀sì kan da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnì mọ́tò rẹ̀, ó ń bú u bí ẹni ń bú orogún. Láti night shift ló ti dé, kò tíì fojú ba oorun. Ó sítáàtì mọ́tò. Àwọn lífítà, irin inú ẹ́ńjìnì tó ti ń dún ká-ká-ká káàkiri ìlú Lithonia ní Amẹ́ríkà, panu mọ́.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́? Mo tún un ṣe!"

Ìyá rẹ̀, tí kò dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, kò kúrò lójú fèrèsé.

"Nọ́ọ̀sì, rọra. Mò ń retí kí mọ́tò ọmọ mi dún."

"Èmi rèé, Mọ́mì."

"Irọ́! Tọmọ mi kì í dákẹ́."

Ó ti rẹ nọ́ọ̀sì náà ju kó jiyàn lọ. Ó mú sípánà, ó padà sídìí mọ́tò, ó ń fi lu bọ́nẹ́ẹ̀tì: ká-ká-ká.

Ìyá ṣílẹ̀kùn, ó na apá méjèèjì.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Kí ló dá ẹ dúró?"